Omi Pupa Lẹ́nu Ọ̀sà

"Wọ́n ní omi ti gbé..."

"Gbé ta ni?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ṣáà ní ọmọ Ìyá Sìdí, èyí tó máa ń lọ..."

"Misbaudeen? Yéè!"

"Má pariwo. Ìyá ẹ̀ wà nílé."

Ìdí ẹ̀rọ omi ní Bẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ará agbo ilé wọn, ń pọnmi nígbà tó gbọ́ tí Bushrah, ìyàwó tuntun Misbaudeen, ń sọ lórí fóònù pé, "Omi ti gbé e lọ? Ẹ ò rí i mọ́ rárá? Ṣé kí n sọ fún Màmá?" Kò gbọ́ ohun tí ẹni tó pe Bushrah ń sọ. Kó tó sọ garawa kalẹ̀, Bushrah ti yọjú wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó bá a lórí ìrun ìyálẹ̀ta, ó ní tóun bá dé òun á sọ fún wọn. Ó wọkọ̀ lọ ọjà Gbági.

Aṣọ fèrèsé ni Misbaudeen ń tà, ṣùgbọ́n ẹja ló gbà á lọ́kàn. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, tí ẹja kúta eléyín ṣóńṣó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀sà l'Ékòó, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á háyà ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á fi ìwọ̀ fà á sókè, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì dá a padà sómi. Bàbá Fàsásì, olórí agbo ilé, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹni tó lọ kí ẹja l'Ékòó, káàbọ̀ o! Ṣé wọ́n ní kó o kí wa?"

Lọ́sàn-án yẹn, Bàbá ò ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti pe fóònù Misbaudeen títí, kò lọ. Bàbá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Sìdí, ó wọlé, ó jókòó. Àbúrò ẹ̀ wọlé, òun náà jókòó. Ọ̀ṣúnkẹ́mi fara ti ilẹ̀kùn. Nínú agbo ilé yẹn, wọn kì í la irú ọ̀rọ̀ ikú bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìyá ọmọ. Wọ́n á jókòó tì í títí á fi yé e fúnra ẹ̀.

Ìyá Sìdí ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ojú wọn, ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Èwo ni nínú àwọn ọmọ mi?"

Ó yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Jókòó ná."

"Mo ti jókòó! Ìjókòó wo ló tún kù?"

Bushrah ló wọlé tòun ti ẹrù aṣọ. Ó kúnlẹ̀, "Ẹ kú ìjókòó o."

"Ta ló pè ọ́ láàárọ̀?" ni Bàbá béèrè.

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

"Òun fúnra ẹ̀?" Ọ̀ṣúnkẹ́mi kúrò lára ilẹ̀kùn. "Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Ìyá Sìdí di apá Bushrah mú. "Má bù ú kù, má bù mọ́ ọn. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe sọ ọ́."

Bushrah ò gbójú sókè.

"Wọ́n ní, 'Bushrah, odò Ògùn ti kún, omi ẹrẹ̀ ẹ̀ ló ń gba ẹnu ọ̀sà jáde, òkun pupa bíi tíì. Kúta ò ní jẹ ìwọ̀ nínú irú omi yìí. Ìgbì kan gbá ọkọ̀ wa, àpótí ìwọ̀ mi ṣubú, omi ti gbé e lọ. Atukọ̀ ní ká sùn síbí, ká lọ jìnnà síwájú lọ́la, níbi tí omi ti mọ́. Bátìrì mi ti fẹ́ kú. Sọ fún Màmá pé mi ò wálé lónìí, kí wọ́n má bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí.'"