Àwọn Tí Kò Gbé Fóònù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo ìgò ní ilé iṣẹ́ kan. Ìgò á máa kọjá níwájú iná, èmi á máa yọ èyí tó bá ti sán. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń wò ó, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọ́fíìsì kan gbà mí fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ aláìníṣẹ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò. Èyí tí àwọn tó kọ́ bá ń ríṣẹ́, wọ́n á jẹ́ kó máa lọ. Èyí tí wọn kò bá ríṣẹ́, wọ́n á tì í.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ kò tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí. Ó fún mi ní orúkọ ogójì èèyàn tó ti kọ́ṣẹ́ tán ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, àti fóònù kan.

"Bàbá, ẹ pe oníkálukú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ti ríṣẹ́, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tí kò bá gbé e, ẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn tí kò tíì ríṣẹ́."

"Kí ló dé?"

"Tí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ á kàn máa sọ pé gbogbo ẹni tí a ò rí ló ti ríṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. N kò jiyàn. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo ń pè. Mọ́kànlá ló gbé e. Mẹ́rin nínú wọn ti ríṣẹ́. Mo kọ mẹ́rin nínú ogójì, mo fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá wò ó, ó mi orí. "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa jókòó lé e. Wọ́n á tì í."

Èmi ni wọ́n ní kí n mú lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ fún olùkọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ náà, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe bàtà. Kọ̀ǹpútà àlòkù kún orí tábìlì, wọ́n tú inú àwọn mìíràn síta. Obìnrin tó ni ín ti tún fóònù ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olùkọ́. Wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àǹtí Wáyà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ń pè é.

Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró.

"Mẹ́rin kẹ̀, Bàbá?"

"Mẹ́rin ni."

"Èmi tí ẹ ń wò yìí mọ̀ ju ogún lọ tó ti ríṣẹ́."

"Ẹ̀rí pé wọ́n ríṣẹ́ dà?"

"Mo kọ́ wọn níṣẹ́ ni. Mi ò so okùn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀."

Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí Wáyà kò bá wọn rín.

"Ogójì mìíràn ti forúkọ sílẹ̀," ló wí. "Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n wọlé. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wà nílé nígbà tí fóònù ọ́fíìsì dún. Obìnrin kan ni.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Nọ́ńbà yìí pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó dárúkọ ara rẹ̀, mo wò ó nínú ìwé. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ ọ́ mọ́ àwọn aláìníṣẹ́.

"Ṣé o ti ríṣẹ́?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ẹ pè."

"O ò gbé e."

"Wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà ni, sà. Ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà là ń rí lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò rẹ̀. Inú àpótí irin ló máa ń wà títí a ó fi ṣíwọ́."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ ti ọ̀dọ̀ Àǹtí Wáyà wá síbẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án."

Mo gba àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ wọn, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í jìnnà sí fóònù rẹ̀. Ẹni tó ti ríṣẹ́, tirẹ̀ wà nínú àpótí. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi ń bá láti ọjọ́ yìí.

Ìyàwó mi wò mí. "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

"Mo ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra."

"Ti òní yàtọ̀."

"Mo kọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ aláìníṣẹ́."

"Ẹ lọ wá wọn, kí ẹ tún un kọ. Bàtà yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ọ̀gá.

"Bàbá, òfin ni."

"Òfin ní kí n pè wọ́n. Kò ní kí n má rìn."

Ó ti ìwé orúkọ náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó."

Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ obìnrin tó pè mí ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ta lẹ ń wá, Bàbá?"

"Èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ṣé ẹ fẹ́ pè wọ́n sí ìgbéyàwó ni?"

Ní aago mẹ́rin, wọ́n jáde. Oníkálukú ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n tẹ orí ba fóònù. Obìnrin náà dá mi mọ̀ nípa ìwé ọwọ́ mi. "Ẹ wá o," ó pe àwọn yòókù. "Bàbá tó ń pè wá nìyí."

Ọ̀kan ní, "Oníjìbìtì ni mo pè yín, sà. Ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀."

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ọ̀gá wọn fọwọ́ sí ìwé mẹ́sàn-án fún mi. Àwọn náà sọ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn tí fóònù wọn ń yọ lẹ́nu lóhùn. Àpótí irin wà lẹ́nu ọ̀nà púpọ̀ nínú wọn. Orúnkún mi wú. Mo tún lọ bá àwọn mẹ́rin tó gbé fóònù, mo gba ìwé tiwọn náà.

Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo ti rí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn tí kò gbé fóònù. Mẹ́tàlélógún ti ríṣẹ́. Mẹ́ta kò tíì rí. Ó ku mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Mo lọ bi Àǹtí Wáyà.

"Ẹ kọ wọ́n mọ́ àwọn tó ríṣẹ́," ló ní. "Ọwọ́ wọn yá níṣẹ́."

"Ṣé o rí wọn níbi iṣẹ́?"

"Rárá."

"Èmi náà ò rí wọn."

Inú rẹ̀ kò dùn. Mo kọ ọ́ pé n kò rí wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, èèyàn mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká. Alága wọn ṣí ìwé mi.

"Ta ló ní kí bàbá yìí máa rìn kiri?"

"Èmi ni, sà," ni ọ̀gá mi wí.

"Mẹ́rin di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan?"

"Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ di bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Èmi ni mi ò rí wọn." Mo sọ ọ̀rọ̀ àpótí irin fún un.

Ó yẹ ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìdí rẹ̀. "Àwọn mẹ́ta yìí ńkọ́?"

"Mi ò rí wọn."

"Ẹ ò kọ wọ́n mọ́ ọn? Ta ni ì bá mọ̀?"

"Mi ò rí wọn, sà."

Ó wo ojú mi. Ó pa ìwé náà dé. "Tó bá jẹ́ pé ogójì lẹ kọ, mi ò ní gbà á. Mo gba èyí."

Wọn kò ti ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní kí a tún ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún mìíràn tí wọ́n ti fẹ́ tì yẹ̀ wò, kí ẹsẹ̀ rìn níbi tí fóònù kò bá dé.

Mo mú lẹ́tà tuntun lọ. Àǹtí Wáyà ní kí n kà á sétí gbogbo wọn. Mo kà á. Wọ́n lu tábìlì, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹni tó ń ṣe bàtà sì pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Ṣé ilé fẹ́ wó lé mi ni?"

Ẹnìkan yọ orí lójú fèrèsé. "Wọn ò tì wá mọ́."

"Ta ló fẹ́ tì yín tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n tún lu tábìlì. Àǹtí Wáyà ń fi wáyà ọrùn rẹ̀ nu ojú, kò sì mọ̀. Ó ka àga tó wà nínú yàrá. Kò tó fún ogójì tó fẹ́ wọlé.

Ẹni tó ń ṣe bàtà ní òun ní bẹ́ǹṣì méjì. Èmi àti òun gbé wọn gòkè.