Èrò Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sanwó fún mi ní pápá bàálù: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an lẹ ń lọ?" Ọ̀pọ̀ èrò ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì, wọ́n á wọ bàálù míì, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ò sì ní mọ ibi tí wọ́n fàbọ̀ sí. Èmi tí mo kàwé mẹ́fà péré, tí ìkeje sá fún mi, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá wa ní tí àwọn tó ń lọ sí ìlú etí òkun bá pé ọgọ́ta lójúmọ́, a máa ní bàálù tí ò ní dúró lọ́nà. Ìlú yẹn ni ìyàwó mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún mẹ́ta. Bàálù méjì ni, pẹ̀lú oorun orí bẹ́ǹṣì láàárín. Irùngbọ̀n tí mo bá fá nílé á ti máa gbá mi láyà kí n tó débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fún un sinmi. Ọ̀nà á jẹ ẹ́ tán, kò ní ṣẹ́kù fún ọkọ. Tí bàálù bá lọ tààrà, wákàtí mẹ́ta ni.

Bàbá Àbùmọ́ ni wọ́n ń pè mí lọ́fíìsì, wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Mo ti sọ fún ọ̀gá rí pé wọ́n ti jí táyà bàálù; láìwọ bàtà ló fi sáré dé pápá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi ka èrò bí ẹni ń ka ẹyin. Ẹni tó bá ní òun ṣì ń rò ó, mi ò kọ ọ́. Ọwọ́ ń yún mi kí n kọ ara mi, mi ò kọ ọ́. Nígbà tí mo pín in, mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bọ́ sí ọjọ́ kan.

Ọ̀gá wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí dígí ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó mú bírò pupa, ó kọ ọgbọ̀n. Àṣé ó ti pẹ́ tó ti ń gé gbogbo iye tí mo bá mú wá sí méjì kó tó gbé e lọ sókè, káwọn àgbà má baà fi mí ṣẹ̀sín. Oore ló kà á sí.

Mo di tábìlì ẹ̀ mú. "Ọ̀gá, mi ò fi ẹyọ kan kún un."

"Ohun tó o sọ nípa táyà náà nìyẹn."

Mo ní kó pe àwọn èrò ọ̀hún, nọ́ńbà fóònù wọn ń bẹ níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń retí ìwé lókè. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti fún ìlú mìíràn ní bàálù náà.

Mo pe ìyàwó mi. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣeé ṣe. Mo ṣáà sọ iye tí mo kà fún un, àti iye tí ọ̀gá kọ. Mò ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni," ló wí. "Ká ní irọ́ ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lẹ̀ bá pè é, ọkọ mi."

Wọ́n pè é wọ wọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan ní ìlú etí òkun lòun ń lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ti tán, kò sẹ́ni tó ní kí n kà á mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibi tí wọn ò ti jẹ́ kí n kọjá.