Bàbá Haniyyah Kan Ṣoṣo

Saliou jà, ó sì borí. Kò sí ẹni tó gbé alùpùpù wá fún un tún ṣe ní Bassila lọ́sẹ̀ náà tí kò gbọ́ ìròyìn ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ bírèkì nìkan ló bá wá.

Láti ìgbà tí òun àti Nouratou ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí ìyẹn sì gbé ọmọ wọn Haniyyah, ọmọ oṣù méje, lọ sílé ẹbí tirẹ̀ ní Manigri, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí Saliou rí ọmọ. Wọn á fún un ní àga kan àti omi ife kan, wọn á gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ó parí. Haniyyah á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àgbowó-orí.

"Ṣé àlejò ni mí ni?" ló bi àwọn àgbà ẹbí méjèèjì. "Èmi ni bàbá rẹ̀! Bàbá kan ṣoṣo tó ní láyé!"

Mamoudou, ẹ̀gbọ́n Nouratou, àgbẹ̀ oníkajú tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀, dá a lóhùn: "Ọmọ ṣì ń mu ọmú. Ṣé ìwọ lọ́mú ni?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ àwọn àgbà gbà pé kí ọmọ lọ sùn ní Bassila lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bó bá lọ déédéé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí kò bá lọ déédéé, Saliou mọ ibi tí àga rẹ̀ wà.

Ó ti ra wàrà alágolo àti ìgò olórí rọ́bà. Àsùmáù, ìyá Saliou, pọn ọmọ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Haniyyah tọ́ wàrà náà wò, ó sì tu ú sí bàbá rẹ̀ lójú. Wọ́n fi ṣíbí, ó gbá a dànù. Ni Saliou bá fi gèlè ìyá rẹ̀ wérí, ó na ìgò náà jáde ní ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ níbi àyà, ó ń fohùn obìnrin kọrin. Ọmọ dákẹ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Alihamudulilai!" ni Saliou kígbe.

Haniyyah lanu, igbe tó ké lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin.

Igbe náà fo ògiri. Rùmáísà, aya Idrissou tó múlé tì wọ́n, sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn, ọmú ti ń rin ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ gbé e wá jàre."

Saliou fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ fún un. Ẹnu ọmọ kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀ nígbà tí Àsùmáù fò dìde. "Dúró!"

"Ìyá, kí ló tún dé?"

"Kí lo kọ́ nílé kéwú, àbí oorun lo ń sùn? Ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin, obìnrin náà di ìyá rẹ̀. Ọkọ obìnrin ọ̀hún ńkọ́?"

Saliou ronú. Ọkọ obìnrin ọ̀hún ni Idrissou, tí òun náà ń tún alùpùpù ṣe, tó ń sọ kiri pé eyín ni Saliou fi ń de nọ́ọ̀tì alùpùpù.

"Ó di bàbá rẹ̀," ni Àsùmáù wí. "Bó ṣe ẹ̀kán kan péré ló gbé mì. Títí ayé."

Orí Idrissou yọ lókè ògiri. "Ẹ jẹ́ kó mu! Èmi kì í kọ ọmọ. Haniyyah, wá sọ́dọ̀ bàbá!"

Saliou já ọmọ gbà bí ẹni yọ ẹran nínú iná. Kò ṣí gèlè lórí. Ìyá rẹ̀ pọn ọmọ, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó di Manigri. Oòrùn ṣì wà lókè. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń rí àga náà lójú ọkàn rẹ̀.

Mamoudou ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wá wo bàbá kan ṣoṣo! Ó ti wé gèlè!"

Saliou kọjá lára rẹ̀. Ó wọ agbo ilé, ó sì dúró gbagidi. Nouratou jókòó sábẹ́ igi, ọmọ mìíràn wà lẹ́nu ọmú rẹ̀: Al-Amin, ọmọ Mamoudou.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Nouratou wí, ó ń na ọwọ́ sí Haniyyah. "Láti àárọ̀ ni ọmú mi ti le bí òkúta, ó ń ro mí dọ́kàn. Ìyá Al-Amin wà lóko kajú, ọmọ ń ké. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló gbé e fún mi."

Saliou rọra yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, wàrà tó wà lọ́mú Nouratou yìí, ti ọkọ wo ni?"

Àsùmáù fọwọ́ bo ẹnu. "Tìrẹ ni! Ta ló bí Haniyyah fún?"

Ẹ̀rín Mamoudou já lójijì. "Irọ́ ni! Wọ́n ti kọ ara wọn!"

"Wọ́n kọ ara wọn," ni Àsùmáù wí. "Wàrà ò gbọ́ sí i."

"Nouratou! O ò sì lè rán mi létí?"

"Ẹ ní kí n tètè ṣe é, pé ariwo rẹ̀ ń dí yín lọ́wọ́."

Saliou jókòó sábẹ́ igi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga. Ó na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

Mamoudou wo Àsùmáù, ó wo Nouratou, kò rí olùrànlọ́wọ́. Ó gba Al-Amin lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e fún un. Ọmọ náà tọ̀ sí i lára lójú ẹsẹ̀, Saliou sì ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Nígbà tí Haniyyah yó, Nouratou gbé òun náà lé e ní èjìká, ó ní òun fẹ́ wẹ̀. Ọmọ fa etí gèlè náà títí, ó gbé orí lé ọrùn bàbá rẹ̀, ó sùn lọ.

Saliou ò mira mọ́. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ máa lọ?" ni Mamoudou bú ramúramù.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n," ni Saliou sọ jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ mi ń sùn."