Ojú Ìyá Wa Láàárín Magasíìnì

Atẹ̀wé já ẹrù magasíìnì wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fa magasíìnì kan yọ, mo ṣí i síbi tí wáyà ti dì í láàárín. Àwòrán ìyá wa ò sí níbẹ̀. Mo ṣí i síwájú, mo wá rí i: imú rẹ̀ ti yà sí méjì, ẹyinjú kan ga ju èkejì lọ, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Bùọ̀dá mi ló ń kọ̀wé, èmi àbúrò rẹ̀ tó ń pè ní Ọ̀gá Rúlà ni mò ń to ojú ìwé, lórí tábìlì kan náà. Òfin kan ṣoṣo la ní: tí àwa méjèèjì bá ti ní "ó tán," ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Nínú magasíìnì tí a fi wáyà dì, àárín gbùngbùn nìkan ni ojú ìwé méjì tó kọjú síra ti jẹ́ bébà kan náà. Ibẹ̀ ni mo fi ìyá wa sí. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, àwòrán tó gbà ká ya òun kò ju ìyẹn lọ. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló ń bọ̀ wá wò ó.

"Bùọ̀dá, kí lẹ fi kún un lẹ́yìn tá a ti ní 'ó tán'?"

"Ojú ìwé mẹ́rin péré, níwájú. Ọ̀gá Rúlà, kí ló ń bí ọ nínú?"

Ojú ìwé mẹ́rin yẹn ló ti ìyá wa kúrò láàárín, sórí bébà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ṣí wọn wò. Àkọlé ìtàn ibẹ̀ ni: "Bí Mo Ṣe Dá Magasíìnì Yìí Sílẹ̀."

"'Mo'? Èmi wá ńkọ́? Ṣé orí ààtàn lẹ ti rí mi he ni?"

"Má pariwo. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó ni imú máa mọ̀!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló da epo síná.

Mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wa tẹ àwòrán náà sórí bébà fífẹ̀ kan, mo ká a sí méjì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo ojú ìwé méjèèjì. Imú padà sípò. Mo gbé ọ̀bẹ síwájú bùọ̀dá.

"Báyìí lẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gé ìtàn yín kúrò. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín to ojú ìwé."

"Ṣé o ò ní ràn mí lọ́wọ́ ni?"

"Rárá."

Ó kùn, ó kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa wọlé bá wa, ó gba èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó ń wo ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bùọ̀dá gbójú sókè sí mi bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Mo ti ẹrù tó kù sún mọ́ ọn.