E Ma Ta Oko Mi

Ilé káfíńtà kan wà tí kò tóbi, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè rí ọmọbìnrin rẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bá pè é pé kó wá fọ abọ́, ohùn kan á dáhùn láti inú ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé: "Ó ku ojú ìwé kan, Màámi!" Ojú ìwé kan náà á di mẹ́wàá, mẹ́wàá á di odindi orí kan, ọbẹ̀ á sì gbẹ mọ́ abọ́. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ojúùwé-Kan. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé wọ́n ti ń fi pè é nílé ẹ̀kọ́.

Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí, ọkọ̀ bàbá àgbà ni. Bàbá àgbà fi gbé èrò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀ ẹlòmíràn, adìyẹ aládùúgbò sì ti yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì rọ̀, fèrèsé rẹ̀ ṣì ṣeé yí sílẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé tì láti inú. Nínú ilé tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń pariwo ní yàrá, tí ayùn sì ń dá a lóhùn láti ìta, ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti lè gbọ́ ohun tí ìwé ń sọ. Ojúùwé-Kan fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn irin lọ.

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú. Ibi tí ọkọ̀ náà gbà ló yẹ kó kó pákó rẹ̀ sí, òjò sì ti ba pákó náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn. Ó ti bẹ bàbá àgbà títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tà á. Bàbá àgbà a máa ní, "A ó rí i," èsì tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá àgbà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì dé sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù káfíńtà, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀:

E ma ta oko mi.

Káfíńtà kà á, ó ju òòlù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Bàbá ti gbà! Wọ́n ní, 'Ẹ máa ta ọkọ̀ mi'!"

Ojúùwé-Kan ti jáde láti inú ọkọ̀ kí ariwo náà tó rọlẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó wò ó. "Bàámi, 'Ẹ má ta ọkọ̀ mi' lèmi rí níbí o."

"Ibo lo ti rí 'má'?"

"Ibo lẹ̀yin náà ti rí 'máa'? A kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Bàbá kì í fi lẹ́tà ṣòfò. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ fóònù, ojú kan ni wọ́n sì fi ń wò ó."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kó lè ráyè dá sí i. "Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ọkọ̀ ni? Ṣé kò lè jẹ́ oko?"

"Bàbá ò ní oko," ni káfíńtà wí.

"Bàbá àgbà ò sì lè ní ọkọ," ni ọmọ fi kún un. "Ọkọ̀ ló kù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí. "Torí bó bá jẹ́ ọkọ ni wọ́n ní ká máa tà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé tèmi jáde." Káfíńtà fi igun ojú wò ó. Ìyá tún ní, "Àbí ẹ ò ṣe pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n?"

Káfíńtà wo òòlù rẹ̀. Ọmọ wo èékánná rẹ̀.

"Dókítà ní kí wọ́n sinmi," ni bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ó yẹ kí wọ́n sinmi dáadáa," ni ọmọ wí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn méjèèjì. Bàbá ń bẹ̀rù pé bí òun bá béèrè, wọn á ní kí òun má tà á. Ọmọ ń bẹ̀rù pé bí òun bá béèrè, wọn á ní kí wọ́n máa tà á. Nítorí náà wọ́n jọ fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń ṣojú àánú fún ojú bàbá àgbà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ lítíréṣọ̀, ọkùnrin kúkurú kan tí ẹfun kì í tán lápá aṣọ rẹ̀, fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí kálukú kọ ẹ̀kọ́ ìgbésí ayé tó rí kọ́ nínú ìwé tó ń kà. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sẹ́yìn ìwé; ti inú wọn lòun fẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó tún ru ìjà náà sókè nílé káfíńtà: "Ẹni tó kọ̀wé ti lọ. Ọwọ́ ẹni tó ń kà á ni ìtumọ̀ kù sí." Ojúùwé-Kan fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé tó ń kà nígbà náà jẹ́ ìtàn obìnrin afọṣọ kan tó rí lẹ́tà nínú àpò ṣòkòtò oníbàárà rẹ̀, tí kò wá mọ̀ bóyá kó dá a padà tàbí kó sun ún níná, torí ó rò pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́wọ́ onírin àlòkù tó máa ń lu agogo kiri àdúgbò ló ti gbà á, lọ́jọ́ tí bàbá àgbà lọ. Irin ìpẹtà kan tó rí lẹ́yìn dúróòmù omi ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í, òun náà kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ti kọ sílẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ kejì: ẹni tó ń kà á ló ni ín." Ó dùn mọ́ ọn débi pé kò lè dúró di ọjọ́ Ajé. Ó kà á sétí gbogbo ilé nídìí oúnjẹ alẹ́, ó sì fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, "má" ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà, torí òun kà á, ohun tó yé òun nìyẹn.

Káfíńtà jẹun tán, ó nu ọwọ́. "Olùkọ́ yín gbọ́n gan-an. Èmi náà kà á, èmi ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ kà á. Ohun tó yé mi ni pé mẹkáníìkì ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, mẹkáníìkì dé pẹ̀lú okùn wáyà nínú ọkọ̀ kan tó dún bí ẹni tó ní àrùn ikọ́. Ó yí ọkọ̀ àtijọ́ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ ojú wọ inú rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ káfíńtà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan wà nínú ọjà yín."

"Ojúùwé-Kan! Jáde níbẹ̀!"

"Ó ku ojú ìwé kan, Bàámi!"

Irọ́ tó ti pa láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló di òótọ́. Obìnrin afọṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìwé kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè kà á. Ó di ìwé mú, ó ń wo bí mẹkáníìkì ṣe ń so okùn mọ́ iwájú ọkọ̀.

Takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré àti awò dúdú. Ẹni tó kọ̀wé ti dé.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá," ni káfíńtà wí, kò sì lè mú un mọ́ra. "Ẹ dákun, ṣé ẹ ní ká máa tà á ni, àbí ẹ ní ká má tà á?"

"Kí ni?"

"Ọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó wà níwájú yín yìí."

Bàbá àgbà gbé awò sókè díẹ̀. "Pàǹtí yìí? Àṣé bó ṣe rí nìyí, ojú mi ò ríran dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ máa gbé e lọ, ó ń dí ọ̀nà."

"Ṣé ẹ rí i!" ni káfíńtà pariwo. "Máa ni!"

"Máa kí ni? Má ni mo kọ. Ẹ má ta ọkọ́ mi! Ọkọ́ o, ọkọ́! Ọkọ́ ìyá yín olóògbé, èyí tó wà lẹ́yìn dúróòmù omi. Bí mo ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ agogo onírin àlòkù ní títì, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Òun ló fi ro ilẹ̀ yìí kí búlọ́ọ̀kù kankan tó débẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ èèkù rẹ̀ fún un. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú ti jìn wọnú igi. Bí mo bá fi ọwọ́ mi síbẹ̀, ó máa ń dà bíi pé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ojúùwé-Kan jáde, ìwé há sí abíyá rẹ̀, ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. "Bàbá àgbà, mo ti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ìwé yìí ni mo fi gbà."

Bàbá àgbà jókòó sórí pákó, wọ́n yọ awò tí dókítà ní kí wọ́n má yọ, wọ́n sì wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Bàbá àgbà."

"Ó dáa."

Bí wọ́n bá gbá a létí ni, ì bá sàn. Ọmọ náà sáré jáde.

Onírin àlòkù wà ní ìsọ̀ rẹ̀, láàárín páànù àti ẹsẹ̀ àga. Ọkọ́ náà ṣì wà lórí ìṣó níbi tó fi kọ́. "Kò sí wàhálà," ló wí. "Pàṣípààrọ̀ ni: ìwé bọ̀, ọkọ́ lọ." Ó wá rí àtàǹpàkò ọmọ náà láàárín ìwé, lápá ìparí pátápátá. "Àbí o ò tíì kà á tán? Jókòó, parí rẹ̀. Mi ò lé ọ."

Ojúùwé-Kan wo ìwé, ó wo ọkọ́. "Rárá, ẹ ṣeun. Bàbá àgbà ń dúró." Ó yọ àtàǹpàkò, ó sì pa ìwé náà dé. Bí ìyá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, á ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun ni.

Nígbà tó délé, ọkọ̀ ti lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ló kù, àti ẹyin adìyẹ méjì. Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, kó tó rí ìjókòó ẹ̀yìn lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n ti kan ẹsẹ̀ pákó mẹ́rin sí. Bàbá rẹ̀ ń fá pákó, kò gbójú sókè. "Mẹkáníìkì ní òun ò nílò rẹ̀," ló wí. Mẹkáníìkì ò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá àgbà gba ọkọ́, wọ́n fi ọwọ́ sí ojú ibi tó jìn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nà án padà sí ọmọ náà. "Ó yá, ìyá mi. Ẹni tó ta ọkọ́ ló máa ro ilẹ̀." Wọ́n jókòó sórí ìjókòó tuntun, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ro ibi tí ọkọ̀ ti kúrò lẹ́bàá ògiri, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò.

"Ìwé yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe parí?"

"Ó ku ojú ìwé kan, Bàbá àgbà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni lónìí," ló wí.

"Níbo lo dé?"

"Obìnrin afọṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí lo rò pé ó ṣe?"

Ó fara ti ọkọ́. Ìka rẹ̀ ti bọ́ sí ojú ibi tó jìn lára èèkù, kò tiẹ̀ mọ̀. "Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ níbí?'"

Ní ọjọ́ Ajé, ó fa ẹ̀kọ́ méjèèjì tó ti kọ ya, ó sì fi ẹyọ kan rọ́pò wọn: "Òǹkọ̀wé máa ń padà wálé. Ẹ bi í kó tó dé." Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kà á, ó họ orí, ó tún un kà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fi bírò pupa kọ ọ́ sí: "Ó kúrú jù. Kí lo fẹ́ sọ níbí?"