Lubbert Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Kéde Òkú Ara Rẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Lubbert Wissink gun kẹ̀kẹ́ aláìsàn oníbátìrì rẹ̀ jáde láti lọ kéde ikú ara rẹ̀. Èmi Wessel, aládùúgbò rẹ̀, ni mò ń tẹ̀lé e lẹ́yìn kí ó má bàa já sí kòtò, nítorí apá òsì rẹ̀ ti kú pátápátá, ọ̀tún sì ń gbọ̀n.

Iṣẹ́ Derk Roelvink, tí oko rẹ̀ bá ti Lubbert pààlà, ni ìkéde yẹn. Ní abúlé wa, ẹni tí oko rẹ̀ bá sún mọ́ ti òkú jù lọ ló máa ń kéde láti ilé dé ilé, òun náà ló sì máa ń gbé igun iwájú pósí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni kì í yàn án. Oko ló ń yàn án. Derk ló kéde ìyá Lubbert, òun ló kéde ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń jẹ Lubbert níṣan ti ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó sì ti bẹ Dókítà Haverkate pé kí ó ran òun lọ́wọ́ láti kú kí itọ́ ara òun tó fún òun pa. Dókítà kejì wá wádìí, bí òfin ilẹ̀ wa ṣe là á sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí Derk gbọ́, ó ní òun ò ní kéde ẹni tó dá ọjọ́ ikú fún ara rẹ̀.

Inú bí Lubbert débi pé kò lè mu kọfí. Ó ní kí n bá òun mú fìlà òun wá.

Ilé mẹ́sàn-án la yà. Ohun kan náà ló ń sọ ní gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ti há: Lubbert Wissink á kú ní Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, ìsìnkú di ọjọ́ Ajé. Opó Everdina ní kí ó wọlé wá jẹ kéèkì. Ó ní òun ò lè gbé e mì mọ́, àfi tí Everdina bá fẹ́ kí òun kú ṣáájú Ọjọ́bọ̀. Everdina rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ bojú.

Ilé Derk la fi parí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní ká wọlé. Lubbert kéde fún un bó ṣe kéde fún àwọn yòókù.

Derk ní, "Ara tí o gbé wọ̀ yẹn, Ọlọ́run ló ni ín. Ó yá ẹ lò ni."

Lubbert wo ìbàdí Derk. "Irin tí wọ́n fi sí ẹ níbàdí lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ṣé o gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Derk wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mú àìsàn náà wá.

Lubbert ní, "Ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi àti ìwọ ti jọ ń fa ọmọ màlúù jáde. Èyí tó bá dá lẹ́sẹ̀, ìwọ lo máa ń sáré pe dókítà ẹran. O kì í jẹ́ kó jẹ̀rora di ọ̀la."

"Ìwọ kì í ṣe màlúù."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Màlúù ò lè fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Èmi bẹ̀bẹ̀. Kí ẹnu náà tó kú ni mo bẹ̀bẹ̀, Derk, o wá ń bínú bí ẹni pé ìwọ ni mo fẹ́ pa."

Derk di ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Mi ò ní gbé ẹ." Ó ti ilẹ̀kùn.

Lubbert yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà lọ sí géètì. Níbẹ̀ ló ti ní, "Wessel, ẹ má fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ o. Ẹ fi igun yẹn sílẹ̀ lófo. Kó wúwo fún yín, kó sì rí i."

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá, ó kú bó ṣe wí. Ó ń bú òjò tó ń rọ̀ títí oògùn dókítà fi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa márùn-ún la gbé pósí tó yẹ kí ẹni mẹ́fà gbé. Igun iwájú ń rẹlẹ̀, èmi tí mo wà lẹ́yìn àyè òfo náà sì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ lọ́rùn. Bí mo ṣe ń làágùn ni mò ń bú Derk nínú mi. Nígbà tí a dé géètì rẹ̀, mo ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí nídìí. A gbé Lubbert kalẹ̀ sẹ́nu géètì náà gan-an, a sì dúró.

Ó pẹ́ kí Derk tó jáde. Aṣọ dúdú ìsìnkú ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti múra láti àárọ̀. Kò kí wa. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu géètì mi," ó sì ki èjìká bọ abẹ́ igun tirẹ̀.

Ó ń tiro, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń kùn sí pósí náà lára: alágídí, alágídí ọmọ Wissink. Ó bá wa gbé e dé ibi tí wáyà tó yí oko rẹ̀ ká parí sí. Ibẹ̀ ló ti yọ èjìká, kò tiẹ̀ ní ká dúró, ó kọrí sílé. Pósí rọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbá a mú.

Ní báyìí tí oko Wissink ti ṣófo, kò sí oko tó sún mọ́ ti Derk bíi tèmi. Tí òun náà bá kú, èmi ni màá kéde rẹ̀, èmi ni màá gbé igun iwájú. Màá gbé e dé ẹnu ibojì, mi ò ní yọ èjìká lójú ọ̀nà. Inú á sì máa bí mi dé ibẹ̀.