Nígbà tí Mọ́tò Bá Gbóná

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!" obìnrin mẹkáníìkì náà pariwo láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bàbá rẹ̀ tẹ bíréèkì. Nọ́ńbà agbára bíréèkì lójú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó so mọ́ mọ́tò gbéra láti òdo, ó gun ogójì, ó gun àádọ́ta.

"Ẹ fi sílẹ̀."

Ó padà sí òdo. Bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà ti tú ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, kò rí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá rẹ̀, tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì wa ọkọ̀ akẹ́rù tí kò fi kọ lu adìyẹ, lọ gbá géètì ilé ara rẹ̀ wó. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò kan bíréèkì rárá tí mọ́tò fi dédé di bíréèkì mú fúnra rẹ̀, tó sì ṣẹ́ sọ́tùn-ún. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ò tiẹ̀ jẹ́ kí bàbá parí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ti kúrò lọ́mọdé, ẹsẹ̀ wọn ti ń ṣìnà. Ó ti wá ẹni tó máa ra mọ́tò náà, ẹni ọ̀hún sì ń bọ̀ láago mẹ́rin. Aago méjì ti lù.

Ara obìnrin náà ò balẹ̀. Ó mú sípánà, ó gbé e kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Fóònù dún.

"Àbúrò, ṣé o rí nǹkan kan?"

"Mi ò tíì rí i."

"Kò sí nǹkan tó o fẹ́ rí. Má fi àánú pa bàbá fún wa o. Gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn."

Bàbá ṣì jókòó sídìí sítíárìn. Bàtà tó kùn dan bíi dígí ló wọ̀ wá.

"Bàbá mi," ó ní, ó sì gbọ́ bí ohùn òun ṣe le, "ṣé ó dá yín lójú pé ẹsẹ̀ yín kọ́ ló yọ̀?"

"Ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ̀yin méjèèjì máa ń gbà lẹ́nu mi."

"Ó dáa, ẹ sọ ọ́ tán."

"Kì í ṣe é tó bá tutù. Ó dìgbà tí mo bá wà á tó ogún ìṣẹ́jú, tí ooru ẹ́ńjìnnì bá wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná pupa iwájú sítíárìn tàn tó kú kí n tó dé géètì."

Láti àárọ̀, tútù ni obìnrin náà ti ń yẹ mọ́tò wò.

Ó so géèjì alábẹ́rẹ́ mọ́ páìpù bíréèkì, kó lè mọ agbára tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́, láì bi sẹ́ńsọ̀ tó ń ròyìn ẹsẹ̀ awakọ̀ fún ọpọlọ mọ́tò. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òdo. Fóònù tún dún, kò gbé e. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń bẹ nọ́ńbà yẹn pé kó má kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàbá ni, yóò gba kọ́kọ́rọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, nọ́ńbà fò dé ọgọ́ta.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò!"

"Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bàtà méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, wọ́n jìnnà sí bíréèkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: abẹ́rẹ́ géèjì ò mira. Ó mi wáyà sẹ́ńsọ̀, ó wọn iná inú rẹ̀: kò sí àléébù. Sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́ fún ọpọlọ mọ́tò pé wọ́n tẹ bíréèkì; ìyẹn ló ń mú kí mọ́tò di bíréèkì mú lójú ọ̀nà.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó má wá." Ó pa fóònù kí ìyẹn tó fèsì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ìyá mi, o rò pé irọ́ ni mò ń pa?"

"Rárá, Bàbá mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ irọ́ ni."

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Nígbà tí mo gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá tèmi torí pé wọ́n ń ṣubú," ó ní, "mi ò tiẹ̀ yẹ ẹ́ wò."